Ẹ̀pà Tí Mo Wọ́n Omi Sí

Kò sí bí mi ò ṣe bẹ ìyá mi tó kí wọ́n fi iná òróró sílẹ̀. Ilé wa ní Sabonjida ni wọ́n ti ń fún òróró ẹ̀pà kí n tó dáyé, ìka ọwọ́ sì ti wá ń ro wọ́n gan-an. Wọ́n ní àwọn máa sinmi lọ́jọ́ tí èmi nìkan bá fún òróró ìkòkò kan, láti orí pípa ẹ̀pà títí dé orí òróró. Mo fẹ́ kí wọ́n sinmi. Kí n má purọ́, mo fẹ́ kí ìkòkò náà di tèmi pẹ̀lú.

Mo ra ẹ̀pà àpò kan lọ́jà. Èèpo rẹ̀ le, ni mo bá ṣe ohun tí obìnrin tí ọwọ́ ń dùn máa ń ṣe: mo wọ́n omi sí i kó lè rọ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun alásàrí, mo ti pa á tán. Mi ò sá a padà sóòrùn. Mo rọ ọ́ sápò, mo so ó, ó di ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Kpalsi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èmi ò fẹ̀sọ̀ mú un.

Nígbà tí mo tú àpò náà, ẹ̀pà ti bu. Mo jẹ ẹyọ kan, ó korò, mo sì bú ara mi dáadáa. Mo rò ó pé kí n yan án kó dúdú díẹ̀, kí ìkorò náà lè fara pa mọ́. Òróró rẹ̀ lè mọ́ lójú, àmọ́ inú kulikuli, ìyẹn ẹ̀pà tó kù lẹ́yìn tí a bá fún òróró, ni májèlé ẹ̀pà tó bu ń dúró sí jù. Àwọn ọmọdé ló sì ń rún un lẹ́nu. Mo gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, mo dà á síbẹ̀.

Ìyá mi bá mi níbẹ̀.

“Kí lò ń rì mọ́lẹ̀?”

“Ẹ̀pà ni, Màmá. Mo wọ́n omi sí i, mi ò sá a.”

“Haba! Gbogbo ẹ̀? O ò ṣa èyí tó dáa?”

“Mi ò mọ èyí tó dáa níbẹ̀ mọ́.”

Mo ń retí èébú. Ẹ̀rín ni wọ́n rín.

“Toh. Fífún òróró, ta ni ò mọ̀ ọ́n? Dída ẹ̀pà tó bàjẹ́ nù ló le. Lọ ra òmíràn lọ́la. Mo ti jókòó, iná òróró ti di tìrẹ.”

Nígbà tí mo múra ọjà láàárọ̀, mi ò gbúròó wọn. Mo sáré wọ yàrá wọn. Wọ́n ti kírun tán, wọ́n ti padà sùn, ọwọ́ wọn wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mi ò rí i rí kí ìyá mi sùn nígbà tí oòrùn ti yọ. Mo rọra ti ilẹ̀kùn kí ariwo má baà jí wọn.