Táyà Olódòdó Afeefah

Mutala Àrówólò ń ta táyà tókunbọ̀ ní Kokomlemle, lẹ́bàá Circle ní Accra, ó sì mọ̀ ọ́n tà. Bó bá fọwọ́ ra táyà lára lásán, á sọ fún yín bóyá oòrùn ti jẹ ẹ́ tàbí ó ṣì lè dé Kumasi. Agídí rẹ̀ náà kò kéré. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Accra máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí Mutala bá sọ pé ilẹ̀ ti ṣú, kí oòrùn yáa máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ní gbogbo Jímọ̀, bó bá ti kírun tán, á ti ìsọ̀ pa, á lọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n nílé, á máa gbá géèmù bí ọmọ iléèwé.

Afeefah ọmọ rẹ̀ ló kọ́ ọ, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ bí fún un kó tó papò dà. Géèmù náà, àwọn ọkọ̀ kéékèèké ló ń sáré lé ara wọn níbẹ̀. Kí wọ́n tó ṣí, oníkálukú á mú táyà tó wù ú, á fi sẹ́sẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀: onígi wà níbẹ̀, eléyín ńláńlá wà, èyí tó ń dán bíi wúrà náà wà. Eléyín ni Mutala máa ń mú, nítorí òun ló ń tà fáwọn tó ń gba ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀. Gbogbo ìgbà ló sì ń gbẹ́yìn. Táyà pupa tó ní òdòdó funfun láàárín ni Afeefah ń mú, á fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ sínú eruku, á sì máa rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ fi ọgbọ́n ìsọ̀ sílẹ̀ jàre! Ibí kì í ṣe Circle."

Nígbà tí Afeefah dàgbà, ó mú Kwaku wálé, Kìrìsìtẹ́nì ará Kumasi. Mutala ní ọmọ òun kò ní fẹ́ ẹni tí kì í kírun. Ọmọ ní òun ó fẹ́ ẹ. Bàbá bínú, ó ní, "Bó o bá fẹ́ ẹ, má kí mi mọ́." Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Afeefah kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ashaiman, ó gbé ẹ̀rọ géèmù tirẹ̀ dání, ó sì fi èyí tó wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ sílẹ̀.

Ní Jímọ̀ kan, Mutala tan ẹ̀rọ náà, ó sì rí ọkọ̀ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, táyà olódòdó lẹ́sẹ̀ rẹ̀, orúkọ Afeefah lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ní ibi tí èèyàn lè sọ̀rọ̀ sí, ṣùgbọ́n Mutala panu mọ́. Ọmọdé ló ń kọ́kọ́ kí àgbà, òun ń dúró kí wọ́n kí òun. Ó ti gbàgbé pé òun lòun ní kí wọ́n má kí òun mọ́. Wọ́n sáré, wọ́n pínyà, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ó wá sọ táyà di ọ̀rọ̀. Bí ọkọ̀ náà bá wọ olódòdó, á ní inú ọmọ òun dùn. Bó bá wọ eléyín, á ní ó ń bínú lọ́wọ́.

Nígbà tó yá, Habiba àbúrò rẹ̀ wọlé wá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire. Afeefah ti bímọ."

"Ṣé wọ́n ránṣẹ́ sí mi ni? Bí ọmọ bá bímọ, ṣebí ilé àna ló yẹ kó wá sọ fún bàbá."

"Ashaiman ò jìnnà, ọkọ̀ tró-tró kan ni. Ẹ dìde, ẹ lọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Kò lọ. Ṣùgbọ́n ní Jímọ̀ yẹn, gbogbo owó inú géèmù tó ti ń kó jọ ló fi ra táyà wúrà, ó sì fi sẹ́sẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ láti fi kí ọmọ rẹ̀ kú ewu. Ọkọ̀ olódòdó dé, ó pòyì ká a, ó tún pòyì ká a. Mutala sunkún. Ó gbà pé ọmọ òun ti dáhùn, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ lórí ìyẹn fún ọdún méjì.

Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ olódòdó kò wá mọ́. Jímọ̀ ń gorí Jímọ̀. Ẹ̀rù ba Mutala pé bóyá ara ọmọ òun kò yá. Agídí tí Habiba kò lè ṣẹ́, ẹ̀rù ṣẹ́ ẹ. Ó wọ tró-tró lọ sí Ashaiman.

Afeefah ló ṣílẹ̀kùn, ara rẹ̀ le koko. Ó kúnlẹ̀, ó bu omi fún un, ó ní kó jókòó. Ìkúnlẹ̀ náà pé, kò sí àbùkù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe máa kúnlẹ̀ fún àgbàlagbà èyíkéyìí.

"Mi ò rí ọ nínú géèmù mọ́," ni Mutala wí, "ni mo ṣe wá."

"Ei, Bàbá! Géèmù wo? Mo ti tà á nígbà tí oyún mi wọ oṣù keje, tòun ti orúkọ mi àti gbogbo nǹkan tó wà nínú rẹ̀. Mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tó rà á. Kí n tó tà á, gbogbo Jímọ̀ ni mò ń retí kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ bú mi."

Mutala gbé omi náà kalẹ̀.

"Lọ́jọ́ tá a sọmọ lórúkọ, mo gbé àga yín sẹ́nu ọ̀nà. Kwaku ní ká dúró dè yín. A dúró títí oúnjẹ fi tutù, wọ́n wá fún ọmọ lórúkọ."

"Mo kí ọ," ni Mutala wí. "Afeefah, mo kí ọ kú ewu. Mo ra táyà wúrà, mo fi kí ọ."

Ọmọ rẹ̀ wò ó pẹ́. Kò bínú. Ì bá tiẹ̀ sàn fún Mutala ká ní ó bínú.

"Ta lẹ kí, Bàbá?"

Ọmọbìnrin kékeré kan jáde láti yàrá, ó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú, ó ń wo àlejò. Afeefah bá a sọ̀rọ̀ ní Twi, èdè àwọn Kwaku, "Kyia papa no." Kí ọkùnrin yẹn. Accra ni wọ́n bí Mutala sí, ó gbọ́ Twi dáadáa, ó sì mọ̀ pé "nana" ni wọ́n ń pe bàbá àgbà.

Ọmọ náà na ọwọ́ sí i, ó kí i.