Màmá Tó Máa Ń Fi Ṣọ́ọ̀kì Ránṣẹ́ Sí Mi

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ọ̀gá ilé ìwé wa n'Ìbàfò mú mi wọ kíláàsì JSS 2, pé kí èmi àti màmá kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ tíṣà jọ máa kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní ìṣirò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì.

Màmá ti pín bẹ́ǹṣì sí igun mẹ́rin, iṣẹ́ igun kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Tí Màmá bá pàtẹ́wọ́, àwọn ọmọ á ṣípò lọ sí igun tó kàn.

Màmá kì í bá mi wí lójú ọmọ. Tí mo bá ṣì í, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì rán ọmọ kan sí mi, kí n lè padà wo ojú pátákó. Èmi ò tíì mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ní ìdajì àti ìdá kan nínú mẹ́ta, tá a bá rò wọ́n pọ̀, jẹ́ ìdá méjì nínú márùn-ún. Ṣọ́ọ̀kì mẹ́ta ló dé.

"Mà, mo ṣì ní ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́."

"Mo mọ̀, Tíṣà. Ṣáà máa gbà á."

Nígbà tí mo yíjú wo pátákó, tí mo rí i pé ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà ló yẹ kó jẹ́, ojú tì mí, inú mi sì tún dùn, torí wọ́n bò mí láṣìírí.

Ní sáà tó kọjá, wọ́n gbé Màmá lọ sí ilé ìwé kan ní Ifọ̀. Àárò wọn ń sọ mí ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀gá ní ariwo igun mẹ́rin pọ̀ jù fẹ́nì kan, kí n to bẹ́ǹṣì padà sí ìlà. Àmọ́ àwọn ọmọ tí kì í lanu tẹ́lẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ nínú igun wọn, ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọ́n á tún dákẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dá kọ́ni rí, ṣé kí n tò ó, àbí kí n bẹ Ọ̀gá kó jẹ́ kí igun mẹ́rin náà ṣì wà?