Orí Mi Lápá Kan àti Òkú Ará Sweden

Bí o bá fẹ́ kí Mojíre di irun rẹ dáadáa, má ṣe dákẹ́. Onídìrí ni ní àdúgbò Mayfair, nítòsí yunifásítì wa, ọwọ́ rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n ìtàn ló fi ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1996, nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ní yunifásítì, èmi ni mo máa ń ka ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fún un. Èyí tí à ń kà ní Sátidé yìí, ará Sweden ló kọ ọ́, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà wá jókòó sórí àpótí, mò ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, Mojíre ń fa orí mi.

"Bàbá arúgbó yìí kú sínú ilé," mo ní, "ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò ńlẹ̀ kí aládùúgbò tó mọ̀."

"Irọ́ ni, Àǹtí! Ta ló ń kí i láàárọ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Gbogbo wọn ló pa á nìyẹn! Kí ni ọlọ́pàá ń wá káàkiri inú yìnyín bí ọ̀dẹ̀?"

Ẹ gbọ́ ẹnu o! Òun náà ti ń bá Ìyá Awódélé yan odì láti oṣù tó kọjá. Màmá arúgbó yìí ń dá gbé nínú yàrá tó fara ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, màmá ló sì máa ń bá Mojíre pọn ọmọ rẹ̀ tí oníbàárà bá pọ̀. Irun tí Mojíre gbá síta ni afẹ́fẹ́ gbé sínú ẹ̀gúsí tí màmá sá. Màmá bú u, òun náà bú màmá, wọn ò kí ara wọn mọ́.

Inú bí mi. "Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo lo rí Ìyá Awódélé kẹ́yìn?"

"Àwọn yẹn? Ariwo ìgbálẹ̀ wọn kì í jẹ́ kí n gbádùn láàárọ̀." Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí mi. "N ò gbọ́ ọ lónìí. Yéè! N ò gbọ́ ọ lánàá náà!"

Ó ju ìlarun sílẹ̀, ó ti bọ́ síta. Mo sáré tẹ̀lé e, ṣùkú lápá kan, igbó lápá kejì, àwọn ọlọ́kadà ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mojíre ń lu ilẹ̀kùn, ó ń sunkún. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn!"

Ó pẹ́ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ìyá Awódélé di ara ògiri mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wú gan-an.

"Mo ṣubú láàárọ̀ àná," ó ní. "Látàárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín yín."

"Kí ló dé tí ẹ ò pè mí?"

"Ṣé à ń bá ara wa sọ̀rọ̀ ni?"

Mojíre kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ màmá tó wú lé itan ara rẹ̀.