Garawa Tí A Kò Mọ Ojú Rẹ̀

Ilé oníyàrá méjìlá kan l'Ájégúnlẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà, ọmọ onílé pẹ̀lú ọmọ ayálégbé, Mùsùlùmí pẹ̀lú Kìrìsìtẹ́nì. Nígbà tí kálukú fọ́n ká, mo ṣí àdírẹ́sì ímeèlì kan fún wa: bí o bá kọ lẹ́tà kan ṣoṣo síbẹ̀, ẹ̀rọ á pín in fún gbogbo ilé, látorí ẹni tó wà ní Ìjọra dórí ẹni tó wà nílùú òyìnbó. Wáásáàpù la kọ́kọ́ lò. Ó tú ká lórí àdúrà kan tí wọ́n ní ẹni tí kò bá fi ránṣẹ́ sí ènìyàn méje, ire rẹ̀ á pẹ́ kó tó dé. Èmi ò fi ránṣẹ́. Ire ọ̀hún ò sì tíì dé lóòótọ́.

Kò pẹ́ tí àwọn tí a ò mọ̀ rí fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí wa. Ọ̀kan ń ta oògùn irun orí. Òmíràn ní òun ni opó ọ̀gágun kan, òun fẹ́ fún wa ní wúrà. Ọ̀rẹ́ mi tó ti di ará GRA Àpápá, tí a jọ sùn lórí ẹní kan náà rí, pè mí: "Ọ̀gá kọ̀ǹpútà, géètì ilé wa ṣí sílẹ̀ o. Àbí o fẹ́ fẹ́ opó yẹn ni?"

Mo jókòó sí ọ́fíìsì mi l'Ápápá, níbi tí a ti ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù ní wáàfù, mo ti géètì. Àdírẹ́sì tí kò bá sí nínú ìwé orúkọ wa, kí ẹ̀rọ dá lẹ́tà rẹ̀ padà. Ariwo tán. Gbogbo ilé yìn mí, orí mi wú.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ọmọ-ọmọ Ìyá Olómi pè mí. Ìyá Olómi ló ni ẹ̀rọ omi tó wà ní òdìkejì ilé wa. Wọn ò gbé ilé wa rí, ṣùgbọ́n omi wọn ni gbogbo wa fi wẹ̀ lọ sílé ìwé, ojú garawa wa ni wọ́n sì fi ń dá kálukú mọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bẹ Màmá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bá wọn kọ lẹ́tà sí yín látorí ímeèlì mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà. Mo túmọ̀ òyìnbó tí ẹ̀rọ yín kọ sí i fún wọn, pé wọn ò sí lára yín. Látọjọ́ yẹn, wọn ò dárúkọ yín mọ́."

Mi ò dúró jẹun ọ̀sán, mo wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí Ajégúnlẹ̀. Mo bá Màmá lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, mo dọ̀bálẹ̀ lórí símẹ́ǹtì tòun ti táì ọ́fíìsì.

"Ta nìyẹn? Ṣé garawa ọ̀dà ni, èyí tí wọ́n fi okùn ṣe ọwọ́ ẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

"Tó máa ń yọ́ garawa ẹ̀ síwájú bí mo bá ti yíjú. Ìwọ lo wá ní kí ẹ̀rọ lé mi?"

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ opó àti wúrà. Mo ní, "Òfin yín náà ni mo lò, mà. Garawa tí a ò bá mọ ojú ẹ̀, kò gbọdọ̀ pọn omi."

"Ìdajì òfin mi lo jí gbé. Bí mo bá rí garawa àjèjì, ṣé mo máa ń gbá a dànù ni?"

Mo rántí. "Rárá, mà. Ẹ máa ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó wá bi ẹni tó gbé e wá pé ta ló rán an."

"Ẹn-ẹ́n. Ẹ̀rọ tìrẹ ńkọ́, ṣó bi mí?"

Orí bẹ́ǹṣì yẹn náà ni mo ti yọ fóònù. Mo kọ àdírẹ́sì ọmọ-ọmọ wọn sínú ìwé orúkọ wa. Mo yí òfin padà: lẹ́tà àjèjì, kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí màá fi wò ó. Mo wá béèrè ohun tó wà nínú lẹ́tà mẹ́ta náà.

"Mo kàn ní kí n kí yín ni. Iyè mi ti ń ra díẹ̀díẹ̀. Mo ní kí n kí yín kí n tó gbàgbé ojú garawa yín."

Mo ní kí wọ́n tún kí wa báyìí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà, ọmọ-ọmọ wọn, tó ti jáde wá bá wa, ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù: garawa búlúù oníhò tí wọ́n fi ọṣẹ dí, kẹ́ẹ̀gì aláìlọ́mọrí ti yàrá kẹfà... Bí lẹ́tà ṣe lọ ni èsì ń wọlé. Fóònù mi dún: ọ̀kan wà ní ẹ̀gbẹ́, láti àdírẹ́sì ọ́fíìsì kan tí kò sí nínú ìwé wa.

"Àjèjì kan dé, mà."

"Ta ló rán an?"

Mo ṣí i. Ará GRA wa ni, ó gbàgbé láti lo àdírẹ́sì tó fún mi. "Ó ní òun ni garawa pupa tí etí ẹ̀ kan ti kán. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ṣì mọ òun."

Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ń wá a lọ́kàn. Ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu wọn.

"Elétí-kan! Òun ló máa ń da omi sí mi lẹ́sẹ̀ láràárọ̀. Jẹ́ kó pọn."