Etí Ọmọ

Kí àbúrò bàbá mi tó kí ìyá ọmọ, etí ọmọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí ni wọ́n ń ṣe ìwádìí rẹ̀ ní yunifásítì. Lọ́jọ́ kan ní Àpòmù, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ti ń sọ pé ọmọ wọn kò jọ òun, bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé etí tèmi nìyẹn?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọmọ náà mọ́ra.

Àbúrò bàbá mi ní, "Etí nìkan kò lè sọ ẹni tó bí ọmọ."

"Kí wá lẹ máa ń wò níbẹ̀?"

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, àbúrò bàbá mi fi ìwádìí sílẹ̀, wọ́n lọ kọ́ òfin. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀rí. Nígbà tí wọ́n di lóyà ní Ìkirè, ẹ̀yìn ni wọ́n ń kó ọwọ́ sí tí wọ́n bá rí ọmọ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti ń wọlé, ẹ̀gbọ́n mi á fa fìlà ọmọ náà bo etí.