Ìbọn Ni Kó Kọ́kọ́ Búra

Ọ̀rọ̀ tí Àlàó sọ lọ́jọ́ yẹn, kò sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ rárá. Abẹ́ igi máńgòrò tí àwọn ọdẹ máa ń jókòó sí ló ti sọ ọ́, níbi tí gbogbo obìnrin ilé ti lè gbọ́. Ó ní, "Ìbọn kì í ṣàdédé tàsé. Bí ìbọn ọdẹ bá ń tàsé, ẹ lọ yẹ ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ wò."

Màsúdát wà nídìí iná, ó ń yan ẹran lọ́wọ́. Ẹran náà kò tiẹ̀ tó ẹran, ehoro kan ṣoṣo ni, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ológbò lọ. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan. Ó wo ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin, ó ń retí kí ọkọ rẹ̀ fèsì. Gàní tẹ orí ba, ó ń fi ẹsẹ̀ tú ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Màsúdát í ṣe kí ọ̀rọ̀ náà tó lọ jìnnà. Ọmọ àdúgbò Gàmbàrí ni, ní àárín ìgboro Ìlọrin, níbi tí ilé ti fún mọ́ra débi pé bí aládùúgbò bá sín, ìwọ lo máa kí i ní pẹ̀lẹ́. Nígbà tó ní Gàní lòun fẹ́, àgbẹ̀ tó tún ń ṣọdẹ ní abúlé kan lẹ́yìn Malete, àwọn ará ilé rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. "Ọmọ tí kò mọ ewé iṣu yàtọ̀ sí ewé ẹ̀wà! Kò ní í tó oṣù mẹ́ta, ẹ ó rí i tó máa gbẹ́rù bọ̀." Wọ́n retí ẹrù náà títí. Màsúdát kọ́ oko, ó kọ́ ewúrẹ́ sísìn, ó sì wá mọ ẹran ìgbẹ́ ju ẹni tí wọ́n bí sínú igbó lọ. Tó bá wi irun ara ẹran, tó bá ṣe inú rẹ̀, tó bá yan án, á dì í sínú agbọ̀n, ó di Tanke ní Ìlọrin, lọ́dọ̀ àwọn tó ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ yunifásítì. Àwọn olóúnjẹ wọ̀nyẹn kì í yẹ ẹran rẹ̀ wò kí wọ́n tó gbà á. Wọ́n mọ̀ pé ó mọ́.

Àlàó ni ẹ̀gbọ́n Gàní, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Òun ni olórí àwọn ọdẹ abúlé, ìyàwó rẹ̀ Jummai sì ni ìyáálé Màsúdát. Ẹnu Àlàó dùn-ún ròfọ́. Ó mọ̀nà igbó lóòótọ́, àmọ́ kò sí ohun tí kò ní fi ẹnu rẹ̀ tì.

Ọdún tí wọ́n gé Kogi kúrò lára Kwara ni ìṣòro yìí bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ dé. Ìbọn Gàní, ṣakabùlà tí wọ́n ń ti ẹnu rẹ̀ ki ẹ̀tù àti ọta sí, bẹ̀rẹ̀ sí í tàsé. Ó kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní bóyá ọ̀rinrin ti wọ ẹ̀tù ìbọn, ó sá a sóòrùn. Ó tún tàsé. Ó pààrọ̀ ọta. Ó gbé omi gbígbóná, ó fọ inú irin ìbọn títí tó fi mọ́ tónítóní. Àparò á bà sí ìwọ̀n ibi tí ọmọdé lè ju òkò dé, Gàní á yìnbọn, àparò á fò lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ̀rọ̀. Apò ọdẹ ń ti igbó bọ̀ lófo.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn ọdẹ máa ń wí. Wọ́n ní bí ìyàwó ọdẹ bá ń rin ìrìnkurìn, ojú ìbọn ọkọ rẹ̀ á fọ́. Ohun tí Àlàó dì mú nìyẹn. Ó tún fi kún un pé, "Obìnrin tó ń dá lọ sí Tanke, ta ló mọ ibi tó ń yà sí?"

Nígbà tí Màsúdát bá ọkọ rẹ̀ wọlé, ó bi í léèrè. "Bàbá Binta, ṣé ẹ̀yin náà gbà á gbọ́ ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ò kúkú sọ pé ẹ ò gbà á gbọ́."

Gàní ń wo ìbọn tó gbé kọ́ sára ògiri. Kò wo ojú rẹ̀. Èyí dun Màsúdát ju ọ̀rọ̀ Àlàó lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹbí ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀: lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí Màsúdát wá gbá Kùránì mú níwájú Àáfà Àbùbákàr, kó búra pé òun kò mọ ọkùnrin mìíràn. Bó bá kọ̀, kó gbẹ́rù rẹ̀, ó di Gàmbàrí.

Wàláhì, nǹkan kékeré kọ́ nìyẹn lọ́dọ̀ tiwa. Ẹni tó bá tiẹ̀ búra òdodo, àwọn èèyàn á máa ṣọ́ ọ títí ayé. Bí ọmọ rẹ̀ bá wúkọ́, wọ́n á ní ìbúra ló ń jà. Bó bá kọsẹ̀ lọ́nà odò, ìbúra ni. Màsúdát mọ èyí. Ó sì mọ ẹ̀rín tó ń dúró de òun ní Gàmbàrí bó bá kọ̀, pé lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, orúkọ alágbèrè ló tún gbé bọ̀ wálé.

Kò sunkún. Ó jókòó ti ọ̀bẹ rẹ̀, ó ń ronú. Ọ̀bẹ yẹn ló máa ń bá ọta pàdé nínú ẹran. Látijọ́, bó bá la ẹran Gàní, ẹ̀yìn abíyá ló máa ń bá ọta, níbi tí ọkàn wà. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, ìwọ̀nba èyí tó bá rí pa, òkè ẹ̀yìn ni ọta máa ń wà, lẹ́bàá ọ̀pá ẹ̀yìn gan-an. Kò sí èyí tó ba ẹsẹ̀. Kò sí èyí tó ba ikùn. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Àbí irú ègún wo ló mọ òkè nìkan?

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Wọ́n tẹ́ awọ àgùntàn, àwọn ọkùnrin jókòó, àwọn obìnrin dúró lẹ́yìn. Àáfà gbé Kùránì jáde nínú aṣọ funfun. Màsúdát kúnlẹ̀, ó kí wọn tán, ó ní:

"Àáfà, mo ti ṣe àlùwàlá, mi ò sá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rí mi pẹ̀lú ọkùnrin kankan. Ìbọn ni wọ́n ní ó jẹ́rìí takò mí. Ẹ jọ̀ọ́, ìbọn ni kó kọ́kọ́ búra."

Àlàó bú sẹ́rìn-ín. "Kí ìbọn búra? Ta ni yóò ṣe àlùwàlá fún un?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àáfà Àbùbákàr, tí kì í tètè rẹ́rìn-ín, fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Ìbọn lẹ́nu kẹ̀," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tó fẹ́ẹ́ sọ."

Màsúdát dìde. Ó gbé ògbólógbòó ẹní kan jáde, ó fi èédú kun àárín rẹ̀, ó tó ìdérí ìkòkò, ó sì gbé ẹní náà kọ́ sára òkìtì ọ̀gán tó wà lẹ́yìn ilé. Ó yí odó kan lulẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ká ìró rẹ̀ lé e lórí kí wọ́n lè gbé ìbọn lé e. Ó ní, "Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọwọ́ gbọ̀n."

Gàní kúnlẹ̀ sẹ́yìn odó, ó fojú sun èédú, ó yìnbọn. Nígbà tí èéfín lọ, wọ́n lọ wo ẹní. Etí òkè ni gbogbo ọta gbà kọjá, èédú wà níbẹ̀ láìfarapa. Ó tún un yìn. Etí òkè náà ni.

"Ṣẹ́ ẹ rí i?" Àlàó wí. "Ẹ̀rí mìíràn wo lẹ tún ń wá?"

"Ó ku ẹnì kan," Màsúdát dáhùn. "Ọkọ mi àgbà, ẹ̀yin lolórí ọdẹ. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ kì í tàsé. Ẹ bá wa yìn ín."

Kí ni Àlàó fẹ́ẹ́ sọ láàárín èrò? Ó gba ìbọn, ó ki ẹ̀tù fúnra rẹ̀, ó ki ọta, ó pọ́nu lá bí ẹni tó fẹ́ẹ́ kọ́ ọmọdé níṣẹ́. Ó fojú sun ún dáadáa. Gbòlàà!

Wọ́n sáré lọ sí ìdí ẹní. Ihò tuntun ti wọ àárín ihò Gàní lókè lọ́hùn-ún, o ò tiẹ̀ lè sọ pé ti ta lèyí, ti ta nìyẹn.

Màsúdát tún kúnlẹ̀, ó kúnlẹ̀ dáadáa. "Ọkọ mi àgbà, ẹ má bínú o, ìbéèrè ni mo fẹ́ẹ́ bi yín. Ṣé ìyáálé mi náà ti ń yà kiri ni?"

"Ta ni? Èmi?" Ohùn Jummai ti ẹ̀yìn àwọn obìnrin jáde bí ààrá. "Bàbá Ràfíù, ẹ dá a lóhùn! Ẹ dá a lóhùn kí gbogbo ayé gbọ́! Èmi Jummai, ibo ni mo yà sí?"

Yéè, ẹ ò bá wà níbẹ̀! Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín ṣubú lulẹ̀. Àwọn obìnrin ń di ara wọn mú. Àáfà fi apá agbádá bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó káṣọ bo Kùránì padà. "Ìbọn ti búra," ó wí. "Kò sí ohun tí obìnrin yìí tún fẹ́ẹ́ búra lé lórí mọ́."

Àlàó ò fẹ́ kó tán síbẹ̀. "Ó dáa, bí kì í bá ṣe obìnrin, kí ló wá ń ṣe ìbọn?"

"Ìyẹn la máa lọ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n," Màsúdát wí.

Lọ́jọ́ kejì, Gàní gbé Màsúdát àti ìbọn sẹ́yìn máṣìn Suzuki rẹ̀, wọ́n lọ bá Fọláránmi ní Tanke, alágbẹ̀dẹ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó máa ń tún ìbọn ṣe. Fọláránmi kò yìn ín. Ó fa òwú funfun kan láti ẹnu ìbọn wá sí ìdí rẹ̀. Lórí irin, òwú sùn gbọọrọ. Nígbà tó dé orí igi, ibi tí ọdẹ máa ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé, igi ga sókè, ó gbé òwú kúrò lójú ọ̀nà.

"Igi apá rèé. Tútù ni wọ́n gbẹ́ ẹ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Gàní tẹ orí ba. Igi àtijọ́ ló là nígbà òjò. Káfíńtà ní kó jẹ́ kí igi tuntun gbẹ ná, òun ló ní rárá, pé igbó kò ní í dúró de òun.

"Nígbà òjò, ó tọ́," Fọláránmi wí. "Ọyẹ́ dé, ó fa omi ara rẹ̀ mu, igi wọ́. Ó ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín sókè. Ojú yín ń wo ibì kan, irin ń wo ibòmíràn." Nígbà tó gbọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Màsúdát, ó fi òòlù sílẹ̀. "Háà, ọ̀gá! Igi ló wọ́, ẹ wá ń na ìyàwó kó lè tọ́?"

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ, Gàní dá máṣìn dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó pa á. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Ìyá Binta. Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ lábẹ́ máńgòrò lọ́jọ́ yẹn."

Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá, ó da eruku bo àwọn méjèèjì.

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀," Màsúdát wí. "Máńgòrò náà kò tíì kúrò níbẹ̀."

Nígbà tí Fọláránmi fi igi gbígbẹ sí i tán, tí ọta dá èédú lu láàárín gbùngbùn, Gàní pe gbogbo wọn sábẹ́ igi yẹn. Kò fi tàwàdà ṣe é. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ níṣojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọkùnrin tó síngbọnlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní ìkánjú òun ló ba ìbọn jẹ́, àìsọ̀rọ̀ òun ló sì fẹ́ẹ́ ba ilé jẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìyàwó ọdẹ kan ní gbogbo apá ibẹ̀ tí wọ́n tún ní kó wá búra nítorí ìbọn. Ẹ ní kí ọkùnrin kan dán an wò! Àwọn obìnrin á ní, "Ẹ ránṣẹ́ sí Màsúdát ná."

Ó pẹ́, Binta ọmọ wọn ti dé ilé ọkọ, kí Àlàó tó wá. Ìdájí ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbá tán. Ó wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó."

"Ọkọ mi àgbà, ẹ kú àárọ̀."

"Ìbọn mi yìí... Ó ti ń tàsé."

"Ṣé ẹ ti bi ìyáálé mi?"

"Ṣé o fẹ́ kó lé mi jáde nílé ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó kọ́ ẹní fún un, ó yí odó. Àlàó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta. Ihò kan wà nísàlẹ̀, òmíràn wà lápá ọ̀tún, ọta kẹta kò tiẹ̀ ba ẹní rárá. Màsúdát dúró ti ẹní náà fún ìgbà díẹ̀. Ìbọn tó wọ́, ojú kan ló máa ń ṣìnà sí. Èyí tó bá ń ṣìnà káàkiri, ẹni tó dì í mú ni kí èèyàn wò. Ó bojú wẹ̀yìn. Àlàó ń dijú mọ́ra, ó ń gbìyànjú láti rí ibi tí ọta gbà.

Ọkùnrin tó fẹ́ kó gbá Kùránì mú rèé o. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn, á ti figbe ta. Màsúdát sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìbọn yín kò ṣe nǹkan kan. Ojú ni. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ọsibítù ojú ní Ìlọrin. Ẹ kàn sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ẹ́ bá mi gbé ẹran dé Tanke."

Àlàó bojú wo ọ̀nà ilé. "O ò ní í sọ fún wọn?"

"Kí ni mo fẹ́ẹ́ sọ? Ẹ̀yin lolórí ọdẹ."

Àfi bí Jummai ṣe pariwo láti inú ilé: "Kí lẹ ń yìnbọn sí lẹ́yìn ilé láàárọ̀ kùtù yìí?"

Màsúdát ti ń ká ẹní. "Ẹní mi ni o, ìyáálé mi!" ó dá a lóhùn. "Ọkọ yín ti pa á pátápátá!"