Ẹ̀kúnwọ́ Yanrìn Tí Mo Mú Bọ̀ Látinú Òkun

Òórùn rọ́bà ló kọ́kọ́ máa ń dé sí mi nímú bí mo bá rántí ọdún yẹn. Aṣọ dúdú kan ni, tó fún mọ́ ara láti ọrùn dé kókósẹ̀, tí wọ́n fi ń wọ inú omi. Ó wà lára ìṣó ní basement wa ní Cornerstone títí di òní, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ pé kí n gbé e kúrò. Nínú gbogbo ọmọ Yorùbá tí a jọ ń kírun Jímọ̀ ní Northeast Calgary yìí, àwọn nọ́ọ̀sì inú wọn, àwọn ẹnjiníà, àwọn tó ń tẹ kọ̀ǹpútà ní Downtown, èmi tí mo fi ìwé sílẹ̀ ní pírámárì márùn-ún ni mo kọ́kọ́ gbé tánkì atẹ́gùn kọ́ ẹ̀yìn dé ìsàlẹ̀ òkun. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ wà.

Májídùn ni mo ti mọ omi, lẹ́bàá Ìkòròdú, níbi tí a ti ń wa yanrìn nínú ọ̀sà. Àwa kò mọ tánkì. A ó ri òpó igi gígùn kan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, a ó fi ọwọ́ òsì di òpó mú, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, a ó di èémí, ó di ìsàlẹ̀. Bí o bá bu yanrìn kún bọ́kẹ́ẹ̀tì tán, wàá gba ara òpó padà sókè, wàá dà á sínú ọkọ̀, wàá tún wọlẹ̀. Kò sí ẹni tó ń wa á tó mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ bi wọ́n. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní òfin kan tí kì í yẹ̀. Ẹni tó bá dé ojú omi tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlẹ̀ lọ́wọ́ òfo, kó sì mú ẹ̀kúnwọ́ yanrìn bọ̀. Bó bá lawọ́ tí kò sí nǹkan níbẹ̀, kò dé ìsàlẹ̀, ẹnu lásán ló ń sọ. Baba náà a ní, "Omi kì í jẹ́rìí èèyàn. Ọwọ́ ẹ ni yóò jẹ́rìí ẹ."

Ìyàwó mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló gba PR, ìwé ìgbélùú tó kó wa dé Canada. Èmi ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì kiri àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ìyá mi kú nílé. Òru ló kú, ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n sì sin ín, bí ẹ̀sìn wa ti wí. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán lọ́dọ̀ wa níbí. Mo wà nínú ọkọ̀ ní parking lot ṣọ́ọ̀bù kan ní Redstone, mò ń wo ìsìnkú lórí fóònù. Àbúrò mi tó ń ya fídíò náà kò gbé fóònù sókè tó, tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ni mo rí ju sàréè lọ. Nígbà tí wọ́n ṣàdúrà tán, mo pa fóònù, mo sọ̀kalẹ̀, mo kó búrẹ́dì wọlé fún wọn. Láti ọjọ́ náà ni nǹkan kan ti kú nínú mi. Ẹ mọ bí ìka ṣe máa ń rí bí èèyàn bá gbàgbé ìbọ̀wọ́ sílé nínú snow: ẹ ó máa wò ó, tiyín ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n gé e, kò ní dùn yín. Bí àyà mi ṣe rí nìyẹn. Mi ò sunkún. Mò ń jẹun, mò ń ṣiṣẹ́, mò ń fọ́nnu bí mo ti máa ń fọ́nnu, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀.

Àkọ́bí mi obìnrin ló fura. Ẹ̀kọ́ nípa àwọn ẹ̀dá inú òkun ló kà ní yunifásítì, ó sì ń kọ́ṣẹ́ atọ́nà nígbà náà nínú ọkọ̀ ojú omi kan tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń gbé inú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, wọn a sì máa wọ ìsàlẹ̀ òkun lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ láti wo iyùn inú omi, èyí tí òyìnbó ń pè ní coral. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi dán an wò. Ìrìnàjò tó kẹ́yìn ni ọ̀gá ọkọ̀ yóò fi pinnu bóyá yóò gbà á síṣẹ́ pátápátá tàbí kó máa lọ sílé. Kò sí ohun tí ọmọ yẹn fẹ́ láyé tó iṣẹ́ náà. Láti kékeré ló ti ń lẹ àwòrán ẹja mọ́ ògiri. Wọ́n fún un láyè láti mú ẹnì kan dání lọ sí ìrìnàjò yẹn, ó sì pè mí lórí fóònù.

"Daddy, you don't laugh anymore," ló wí. "Come and see my water. Please."

Mo ní ṣé omi tún wà tí mi ò tíì rí ni.

Ní Calgary níbí ni mo ti gba ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń gbé tánkì wọ omi, nínú swimming pool kan tí omi rẹ̀ kò ju àyà mi lọ níbi tó ti jìn jù. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ wa kò tó àkọ́bí mi lọ́jọ́ orí. Wàhálà tí mo ní kò ju ẹyọ kan lọ: gbogbo ìgbà ni mò ń di èémí mú. Dídi èémí mú ni wọ́n kọ́ mi ní Májídùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá di èémí mú pẹ̀lú tánkì lẹ́yìn, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè bẹ́. Ọmọbìnrin yẹn a máa gbá mi láyà lábẹ́ omi pé kí n mí. Ti ìwé ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ọmọ mi ló ń kà á fún mi lórí fóònù ní gbogbo Sunday. Mo sọ fún un pé jígí ojú mi ló sọnù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni jígí náà fi sọnù. Kò bi mí léèrè.

Lẹ́yìn Jímọ̀, mo sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé mo ń lọ. Ẹ̀gbọ́n kan tó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pàtẹ́wọ́, ó ní, "Àbúrò, gbogbo ẹja tí mo mọ̀, wọ́n ń sá kí wọ́n má baà rí wọn mú. Ìwọ nìkan lẹja tó ń lọ gba ìwé àṣẹ!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, pé àwọn tí kò lè fò kọjá Edmonton ló ń fi ẹni tó ń lọ sínú agbami rẹ́rìn-ín.

Ọkọ̀ òfuurufú méjì ni mo wọ̀ kí n tó bá ọmọ mi ní èbúté, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú omi gbé wa láti ọ̀sán títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì kí a tó débẹ̀. Òyìnbó mẹ́rìnlá, èmi, àti àwọn òṣìṣẹ́. Kò sí ilẹ̀ níbi kankan tí ojú lè rí. Kí ẹnikẹ́ni tó fẹsẹ̀ kan omi, ìwé òfin kan wà tí a gbọ́dọ̀ kà kí a sì buwọ́ lù, nítorí ìjọba ibẹ̀ ń ṣọ́ iyùn náà bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tuntun: ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ má mú nǹkan kan, ì báà ṣe ìkarahun òfìfo. Ẹni tí kò bá lè kà á dáadáa, atọ́nà rẹ̀ ni yóò kà á sí i létí, tí yóò sì fọwọ́ sí i pé òun kà á. Gbogbo èyí ni mo wá mọ̀ lẹ́yìn. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ojú ewé mẹ́rin ni mo rí, lẹ́tà rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí èèrà.

Ọmọ mi tẹ̀ sí mi létí. "Daddy, ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni? Tìrẹ ni kí o mójú tó, mo lè kà á." Mo fi ẹ̀rín kún un, kí àwọn òyìnbó tó wà nídìí tábìlì lè rò pé à ń ṣàwàdà. Yorùbá ni a fi sọ ọ́, àwa méjèèjì nìkan la gbọ́ ọ. Mo wo ojú ewé kọ̀ọ̀kan, mo mi orí, mo buwọ́ lù ú. Ó wò mí díẹ̀. Ó mọ̀. Mo mọ̀ pé ó mọ̀. Ó mú bírò, ó buwọ́ lu apá tirẹ̀ pé òun kà á fún mi.

Iyùn tí mo mọ̀ ni ti ọrùn ọba àti ti ọrùn ìyàwó. Mi ò mọ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí ni, tó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ bí èékánná. Ó tò lọ rẹrẹẹrẹ nísàlẹ̀ níbẹ̀, òmíràn rí bí orí èèyàn, òmíràn bí ìwo àgbọ̀nrín, àwọn ẹja aláwọ̀ oríṣiríṣi sì ń gba àárín wọn kọjá bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ ẹnìkejì mi nínú omi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, sunkún nígbà tí a gòkè, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Èmi náà wò ó. Ó dára. Bí mo ṣe ń wo búrẹ́dì lórí káńtà ni mo ṣe wò ó. Mo dúró kí àyà mi sọ nǹkan, kò sọ nǹkan kan.

Bóyá nítorí náà ni ọwọ́ mi fi dá ṣe ohun tó mọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, omi tí a wọ̀ jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì rí yanrìn funfun nísàlẹ̀ láàárín iyùn méjì. Ọmọ mi wà níwájú, ó ń fi ìjàpá òkun kan han àwọn yòókù. Ọwọ́ òsì mi nà, ó di iyùn kan tó rí bí ìwo mú, bí ìgbà tí mo ń di òpó. Ọwọ́ ọ̀tún mi bu yanrìn. Mo gbọ́ ìró kékeré kan, bí ẹni ṣẹ́ igi ìdáná gbígbẹ. Ẹ̀ka iyùn tó gùn tó apá mi ti kán sí mi lọ́wọ́. Mo jẹ́ kó bọ́. Mo di ọwọ́ ọ̀tún pa, mo sì bá wọn gòkè.

Nígbà tí a bọ́ tánkì sílẹ̀ tán lórí ọkọ̀, mo lawọ́ lójú gbogbo wọn. "See! I reach the bottom!" Mo rò pé wọn yóò pàtẹ́wọ́. Tíṣà yẹn ló fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé òun rí ẹ̀ka tó kán, pé ó ṣeé ṣe kó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí gbogbo wa. Ọ̀gá ọkọ̀ gba yanrìn náà sínú ife, ó sì bi mí, kò pariwo: "Sir, did your guide read you the rules?"

Wọ́n ń wò mí bí olè. Èmi, tí yanrìn tí mo wà wà lára ògiri ìdajì ilé Ìkòròdú! Ohun tó bọ́ sí mi lẹ́nu ni, "No. Nobody read anything for me." Òtítọ́ ni. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì mú kó burú.

Ọ̀gá yíjú sí ọmọ mi. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kó sọ: mo fẹ́ kà á, bàbá mi ló ní òun lè kà á. Kò sọ ọ́. Ó kọ́kọ́ wò mí. Kì í ṣe pé ó ń bẹ̀ mí kí n purọ́. Kí n kàn parí ọ̀rọ̀ mi ni. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà náà, mo dúró gbagidi, mo sì ń wo omi tó ń kán sílẹ̀ lára aṣọ mi. Bí ó bá jẹ́ pé èmi sọ pé mi ò mọ̀wé kà, gbogbo rẹ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò wúwo ju ohun tí mo lè gbé lọ.

Ó ní, "He's right. I signed it, and I didn't read it to him. It's on me." Ọmọ Yorùbá kì í pe bàbá rẹ̀ ní òpùrọ́ láàárín àwùjọ. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Mo dúró kí ojú tì mí. Ojú kò tì mí.

Wọn kò jẹ́ kí n wọ omi mọ́. Orí ọkọ̀ ni mo jókòó sí títí ọ̀sẹ̀ fi parí, mò ń kírun. Ọkọ̀ náà máa ń yí lórí ìdákọ̀ró, bí mo bá dojú kọ ibì kan bẹ̀rẹ̀, ibòmíràn ni mò ń kọjú sí kí n tó sálámà láti parí ìrun. Ní èbúté ni ọ̀gá ọkọ̀ pe ọmọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò pẹ́ tó fi padà wá. Ó bọ gbogbo wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé báàgì rẹ̀ àti tèmi. Nínú ọkọ̀ òfuurufú, ó fún mi ní ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Kò fẹnu kan oúnjẹ rẹ̀, mo sì bá a jẹ ẹ́. Oúnjẹ náà kò burú.

Ìyàwó mi bi mí nílé pé, "Kí ló dé tí wọn ò gbà á, ẹni tó mọ iṣẹ́ báyẹn?" Mo ní bí àwọn òyìnbó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní mọ́ṣáláṣí fi Baba Ẹja pè mí, mo sì jẹ́ orúkọ náà. Mo sọ ti ìjàpá òkun fún wọn, mo sọ bí ibẹ̀ ṣe jìn, gbogbo rẹ̀ pátá àfi ibì kan. Ọmọ mi ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Downtown, ìwé ilé-iṣẹ́ epo ló ń yẹ̀ wò. Ó ń wọ train lọ, ó ń wọ train bọ̀. Kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ rí.

Nínú ààwẹ̀ tó kọjá yìí, ìyá rẹ̀ wà níbi iṣẹ́, àwa méjèèjì nìkan la jọ ṣínu. Mi ò mọ ohun tó tì mí. Mo ní, "Ọjọ́ yẹn nínú ọkọ̀, o fẹ́ kà á fún mi. Èmi ni mi ò jẹ́ kí o kà á."

Kò gbójú sókè. "I know, Daddy. I was there."

"Mi ò lè kà á ni."

"I know."

Mo ní kó fún mi ní nọ́ńbà ọ̀gá ọkọ̀ náà, kí n pè é, kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

"He sold the boat, Daddy. It's been a while." Ó ti àwo ẹran sọ́dọ̀ mi. "Ẹ jẹun. Ó ti ń tutù."

Mo jẹun. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó bá jẹ́wọ́, ara rẹ̀ á fúyẹ́. Ara mi kò fúyẹ́, kò sì wúwo. Mo fọ́nnu nípa ohun púpọ̀ láyé mi, n ó sì tún fọ́nnu lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹ má wulẹ̀ dára yín láàmú. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ lẹ́nu rí, gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ló pẹ́ jù kó tó jáde, nígbà tó sì jáde, kò sí ẹni tó nílò rẹ̀ mọ́. Ọmọ náà kó àwo, ó nu tábìlì, ó ní òun fẹ́ tètè sùn nítorí iṣẹ́ àárọ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Good night, Daddy," ó sì gòkè lọ sí yàrá rẹ̀.